Ìkòkò Orí Kẹ̀kẹ́, Ìkòkò Orí Ilẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ «potier» létí àwa tí a gba ẹ̀kọ́ wa ní èdè Faransé, ọkùnrin kan tó jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ ni ọkàn wa máa ń yàwòrán rẹ̀. Bí ó bá sì sọ «amọ̀kòkò», ìyá kan ni a ó rí, tó di ìró mọ́ àyà, tó bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ funfun fún amọ̀ gbígbẹ. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi ẹsẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ amọ̀, mo lè sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ènìyàn méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan.

Kì í ṣe ìfẹ́ eré ọwọ́ lásán ló gbé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́ náà. Ní CEG tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní PCT, ẹgbẹ́ àwọn òbí fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí a fi dá ilé iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Gbogbo wa fẹnu kò lórí amọ̀, nítorí kò wọ́n ní agbègbè wa. Àfonífojì odò Ouémé kún fún un. Ọ̀nà tí a ó gbà ná owó náà ló di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kí a ra kẹ̀kẹ́ méjì, kí àwọn ọmọ lè kọ́ ohun ìgbàlódé. Àwọn mìíràn, tí èmi náà wà lára wọn, bèèrè pé àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò ńkọ́? Ẹnì kan dìde nínú ìpàdé, ó ní: «Màdámù, àwọn ìyá ni àná, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀la.» Gbolohùn náà dùn létí, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. N kò fẹ́ jiyàn lórí ohun tí ọwọ́ mi kò tíì kàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró títí ìsinmi ńlá yóò fi parí, mo fẹ́ lọ kọ́ kẹ̀kẹ́ náà ná.

Ilé iṣẹ́ tí mo lọ wà ní ẹ̀yìn ìlú Àjàṣẹ́, lábẹ́ páànù kan tí kò ní ju ògiri méjì lọ. Ọmọ Tógò ni ọ̀gá ibẹ̀. Kpalimé ló ti kọ́ṣẹ́, ìlú tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún 35, èmi sì ti kọjá 40 dáadáa, síbẹ̀ «Ọ̀gá» ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní «Màdámù», a sì máa tẹrí ba kí mi láràárọ̀ kí ó tó sọ fún mi pé amọ̀ tí mo pò kò dára.

Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ẹ̀rọ kankan. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀pá irin kan tó nàró, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù. Lórí rẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ kan wà, tí àwọn Faransé ń pè ní girelle. Ibẹ̀ ni amọ̀ ń jókòó sí. Nísàlẹ̀ ni òbìrìkìtì ńlá wà, le volant, tí birikìlà kan fi símẹ́ǹtì àti irin dà, tó sì wúwo tó àpò símẹ́ǹtì kan. Roulement méjì ló di ọ̀pá náà mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A ó jókòó sórí pákó, a ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti òbìrìkìtì náà síwájú, yóò sì máa yí ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà.

Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń kọ «moment d'inertie» sórí pátákó. Mo ti ní kí àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé wọn pé ohun tó wúwo, tí ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sí àárín, ṣòro láti yí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń yí, ó ṣòro láti dá dúró. Ẹsẹ̀ mi gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo tì í, ó kàn mì díẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Nígbà tó yá, ó gbéra. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, mo ti pinnu pé n kò ní kọ́ orí ẹ̀kọ́ yẹn mọ́ láìjẹ́ pé àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kan nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá sọ ọ̀rọ̀ aṣọ, nítorí àwọn ọmọbìnrin yóò bi mí. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ṣeé fi ìró jókòó tì. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ya, kí ọ̀tún lè ráyè ti òbìrìkìtì, kí òsì sì fara ti igi. Ṣòkòtò ni mo wọ̀, ṣòkòtò àtijọ́ ọkọ mi, amọ̀ sì mu ún dé orúnkún. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ nípa iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjókòó àti aṣọ wà lábẹ́ rẹ̀ ju bí a ti ń kà á sí lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lọ lórí pípo amọ̀. A ń pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń ká a padà, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí ó sì rọ̀ bákan náà níbi gbogbo. Amọ̀ tí ibì kan le, tí ibì kan rọ̀, kì í gbọ́ràn lórí kẹ̀kẹ́. Amọ̀ kẹ̀kẹ́ sì gbọ́dọ̀ kúnná. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú rẹ̀, yóò bó awọ ọwọ́ ẹni. Ọ̀gá a máa fi omi pò ó ṣàn, a máa sẹ́ ẹ, kí ó tó jẹ́ kó gún régé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkúnná yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta ni ti ohun tí wọ́n ń pè ní centrer. A ó ju ìṣù amọ̀ tó tó kílò kan lu àárín àwo orí kẹ̀kẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú, àárín ló wà. Jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí, kí o sì gbé ọwọ́ lé e, ìwọ yóò rí i pé irọ́ ni ojú ń pa. Ìṣù náà ń gbá ọwọ́ ẹni ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ lọ. A ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti itan kí apá má baà mì. Ọwọ́ òsì yóò máa ti amọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ti ọ̀tún yóò máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè, omi kò sì gbọdọ̀ gbẹ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń lé amọ̀ kiri, tí ọwọ́ rẹ̀ ń bá a lọ sọ́tùn-ún sósì, kò ní rí i mú láéláé. «Màdámù, ẹ má lé e. Ẹ di ògiri.» Ó ń sọ ọ́ fún mi ní ìgbà ogún lójúmọ́.

Ohun tó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan ń sáré nísàlẹ̀, nígbà tí àyà àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró gbọnin. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní abúlé ìyá mi, lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́, mo pọnmi. Ọmọ tó ru omi mọ èyí láìrò ó: ẹsẹ̀ ń rìn lórí òkúta, ìbàdí ń fì, ṣùgbọ́n láti èjìká lọ sókè, kò sí ohun tó ń mì. Mo sọ fún ara mi pé orù omi ni mo gbé sórí. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kíkàn náà dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ ti dúró, bẹ́ẹ̀ ó ń yí. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo tún gbé e padà. Kò sí ohun tó gbá mi. Ọ̀gá, tó ń dí àpò amọ̀ lọ́wọ́, gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti ibi tó wà, ó ní: «Voilà.»

Nígbà tí amọ̀ bá ti dákẹ́, ìyókù yára. Àtàǹpàkò yóò wọlé láti òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan kí ó kan àwo. A ó tẹ ìdí ìkòkò náà mọ́lẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán nígbà tó bá ń gbẹ. Lẹ́yìn náà, ìka òsì nínú, ìka ọ̀tún lóde, a ó máa fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Níbí ni mo ti rí iyì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tí a ń wá àárín, eré ni a nílò; nígbà tí a ń fa amọ̀ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ náà sì ń rọra dẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ ti ń di amọ̀ mú. Iná kì í tún lọ mọ́ ẹni lórí rẹ̀, ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè wa mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo ti ní abọ́ mẹ́sàn-án tí Ọ̀gá gbà kí wọ́n wọ inú ààrò bíríkì rẹ̀.

Mo mú mẹ́rin nínú wọn lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá àgbà, wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń mọ ìkòkò ní abúlé náà. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70. Bí mo ti kúnlẹ̀ kí wọn tán, mo tú àwọn abọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n fi èékánná ta á, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò rìn ín nínú, wọ́n wá dojú rẹ̀ délẹ̀ láti wo ìdí.

«Ta ló mọ ọ́n?»

«Èmi ni, Ìyá.»

«Ọwọ́ rẹ mọ́. Kí ni wọ́n fi ń yí ohun tí o mọ ọ́n lé?»

«Ẹsẹ̀ mi náà ni. Mo jókòó tì í ni.»

Wọ́n rò ó díẹ̀. «Ẹ̀yìn kò wá ní dùn ọ́.» Mo ro pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ni wọ́n ń rò lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún wo ìdí abọ́ náà, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní igun yíká. «Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Èyí ńkọ́? Ìdí rẹ̀ lè gbóná bí?»

Mo ní Ọ̀gá kò ṣe wọ́n fún iná. Inú wọn ni a ó ti máa jẹun tàbí mumi. Wọ́n bèèrè bóyá mo fún àwọn ní ọ̀kan. Mo ní mo fún wọn. Wọ́n bu omi sí i, wọ́n gbé e ka orí ààrò mẹ́ta lórí iná tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sán láti igun ìdí rẹ̀, «pá!», omi sì pa ẹ̀gbẹ́ kan iná náà. Wọ́n kó àpáàdì rẹ̀, wọ́n fi sínú apẹ̀rẹ̀ kan tó ti kún fún àpáàdì mìíràn. Ohun èlò ni fún wọn.

Nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ gbogbo wà. Ìyá àgbà kì í sẹ́ amọ̀ kí ó kúnná. Wọ́n ń gún àpáàdì, wọ́n ń pò ó mọ́ amọ̀ títí tí ọwọ́ yóò fi mọ̀ pé ó tó. Nígbà tí iná bá ń jó ìdí ìkòkò, ìdí ń wú ju ẹnu lọ. Ara tó dì pọ̀ tó sì kúnná kò rí ibi yà sí, ó sán. Ṣùgbọ́n nínú ara tó ní hóró àpáàdì àti ihò wẹ́wẹ́, bí sísán kékeré bá bẹ̀rẹ̀, yóò kan hóró, yóò sì dúró síbẹ̀. Ìdí ìkòkò wọn tún rí roboto bí igbá; kò ní igun tí ìnira lè kó jọ sí. Òfin fífẹ̀ àwọn ohun líle nínú ooru nìyí, èyí tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú òrùka irin àti iná gáàsì. Amọ̀ tó yẹ kẹ̀kẹ́ kò yẹ iná ìdáná. Èyí tó yẹ iná ìdáná yóò bó ọwọ́ ẹni tó bá gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ni ọ̀la ìkòkò, irú ìkòkò wo ló ń sọ?

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Wọ́n dojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, wọ́n tẹ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ìdí tuntun jáde. Nígbà tó gún díẹ̀, wọ́n yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn, wọ́n ń tò ó lé ara wọn, wọ́n ń fi ìka pa á pọ̀, wọ́n ń fi àfọ́kù igbá há a. Kùùkù àgbàdo ni wọ́n yí lára rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó kan ẹnu, wọ́n mú aṣọ tútù, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò náà ká, ọwọ́ kò kúrò létè rẹ̀. Ìkòkò dúró, àwọn ni wọ́n ń yí. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ sinmi, mo mú okùn, mo wọn ẹnu àmù náà ní ọ̀nà mẹ́rin. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó fífẹ̀ ìka kan. Èmi tó lo ọ̀sẹ̀ méjì láti wá àárín pẹ̀lú ọ̀pá irin àti roulement méjì, mo ká okùn mi, mo fi sápò.

Omi àmù yẹn tutù láìsí iná mànàmáná. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ihò wẹ́wẹ́ àmù, afẹ́fẹ́ ń gbà á lọ, gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá sì gbẹ lọ ń kó ooru tó tó nǹkan bíi joule 2400 dání. Òǹkà tí mo fi ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lágara nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra àmù kò pọ̀ mọ́. Kẹ́ẹ̀gì oníke ti gba ìdí omi, ìkòkò alumíníọ̀mù ti gba ìdí iná. Ìyá àgbà ní ìkòkò àgbo ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn jù báyìí.

Ẹ má rò pé mo ti di ọ̀tá kẹ̀kẹ́. Ó wù mí, mo sì ń padà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ife, àwo, ìkòkò òdòdó, ohun tó yẹ kí ó jọra wọn tí ó sì yẹ kí ó yá, kẹ̀kẹ́ ló ni wọ́n. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a máa pè é ní ìgbàlódé, kí a sì fi ìyẹn ti àwọn ìyá sẹ́yìn. Ó ti lé ní ọdún 4000 tí wọ́n ti ń lo kẹ̀kẹ́ amọ̀ ní Ìráàkì àti Íjíbítì. Ifẹ̀, tí àwọn ará Kétu ń pè ní orírun wọn, kò lò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn orí amọ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ṣì ń ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Ẹnì kan wà tó ti jókòó sí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti àárín gbùngbùn Nàìjíríà, kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ kan lóbìnrin, bí àwọn ìyá wa ti ń kọ́ ọ. Ní ọdún 1954, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja báyìí. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn orù ńlá tó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun, ọwọ́ ló fi mọ wọ́n, ó ń yí wọn ká, kí ó tó kó wọn sínú ààrò tó gbóná gidigidi. Ẹ wo ẹ̀yìn owó náírà 20, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ CEG fún Ìyá àgbà. Mo ní bóyá wọn yóò lè wá fi iṣẹ́ náà han àwọn ọmọ. Wọ́n bèèrè pé: «Àwọn tó ń kọ́ wọn ní Faransé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é?» Mo ní rárá. «Ìwọ, tí ń kọ́ wọn ní ohun tí o sọ yẹn, ọ̀fẹ́ ni?» Mo ní rárá. Wọn kò sọ ohun mìíràn. Nígbà tí a padà sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ owó oṣù wọn ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní orúkọ olùkọ́, kì í ṣe ti àlejò. Àríyànjiyàn ọ̀hún gùn. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀la tún sọ ọ́. Mo gbé àpáàdì abọ́ mi sórí tábìlì, mo ṣàlàyé bó ṣe sán. Níkẹyìn, wọ́n fohùn sí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, tí birikìlà àdúgbò yóò bá wa dà, kí ìyókù owó náà jẹ́ owó iṣẹ́ Ìyá àgbà àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fún oṣù méjì. Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí i. Alága ní a ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní òpin ọdún.

Wọn yóò dé sílé mi lẹ́yìn ìsinmi Toussaint. Àpò amọ̀ mẹ́ta ti ṣíwájú wọn bọ̀ nínú tákísì láti Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n ní àwọn kò lè gba amọ̀ Àjàṣẹ́ gbọ́ títí ọwọ́ àwọn yóò fi rìn ín wò. Mo ti rẹ ẹ́ sómi lẹ́yìn yàrá ìwádìí, mo sì bò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ 22 ló ti fi orúkọ sílẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọkùnrin. Ìyá àgbà ránṣẹ́ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó àpáàdì wá láti ilé, kí wọ́n gún un, kí wọ́n sì jọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gún un kúnná bí èlùbọ́.